Fáìlì .mdb Tí Kì í Ṣe .mdb Mọ́

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìsánlú fún ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan pè mí pé kọ̀ǹpútà wọn ti kọṣẹ́. Inú fáìlì Access kan, esi.mdb, ni èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà. Ojú ewé ASP tí ẹnì kan kọ fún wọn láyé ọjọ́un ló ń gbé e jáde fún àwọn olùkọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà tuntun, kìkì ohun tí wọ́n ń rí ni "Unrecognized database format."

Mo kọ́kọ́ rò pé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni. Mo fi Notepad ṣí i. Wúruwùru ni gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀rẹ̀: "Standard ACE DB." Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Títí di Access 2003, .mdb ni Access ń lò, Jet ni ẹ̀rọ tó ń kà á, "Standard Jet DB" ló sì máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Access 2007 ló mú .accdb dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun tó ń jẹ́ ACE. Báìtì kan tún wà ní ipò 0x14 tó ń sọ irú ẹ̀yà tí fáìlì jẹ́: 0 ni Jet 3 ti Access 97, 1 ni Jet 4 ti Access 2000 sí 2003, 2 ni ti 2007. ACE lè ka .mdb ti Jet 4, ṣùgbọ́n Jet kò lè ka .accdb láéláé.

Ẹnì kan ti fi Access tuntun sọ fáìlì náà di .accdb. Nígbà tí ojú ewé ASP kò rí esi.mdb mọ́, ó yí ìrù orúkọ rẹ̀ padà sí .mdb. Bí ẹni kọ "gàrí" sára àpò ẹ̀lúbọ́ ni. Ẹni tó bá gbé omi kaná yóò kúkú mọ̀.

Mo dá ìrù rẹ̀ padà sí .accdb, mo sì fi Microsoft.ACE.OLEDB.12.0 rọ́pò Microsoft.Jet.OLEDB.4.0 nínú kóòdù. (Jet yẹn kò ní ẹ̀yà 64-bit rárá, nítorí náà ká tiẹ̀ ní fáìlì náà kò yí padà, IIS tó ń ṣiṣẹ́ ní 64-bit kò ní rí i lò.) Èsì jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ kan fẹ́ fi máàkì tuntun sí i, ó di "Operation must use an updateable query."

Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn tàn yín jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe query ló ní wàhálà, àṣẹ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí .accdb, ACE máa ń dá fáìlì kékeré kan, .laccdb, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, IUSR, orúkọ tí ASP ń jẹ́ lójú Windows, gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú fóldà náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sínú fáìlì nìkan. Èmi náà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe: mo fún "Everyone" ní "Full control." Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúrà fún mi, ó ra iyán fún mi.

Kò pẹ́ tí ọkàn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú. Mo mú fóònù mi, mo tẹ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà, mo fi /esi.accdb sí i nídìí. Gbogbo fáìlì wọlé: orúkọ àwọn ọmọ, nọ́ńbà fóònù àwọn òbí, gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́. IIS ní àkọsílẹ̀ èèwọ̀ kan, .mdb wà nínú rẹ̀, .accdb kò sì sí níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Orúkọ irọ́ tí mo tún ṣe ló ti ń dáàbò bò wọ́n! Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kò ní gbọ́ irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Mo gbé fáìlì náà kúrò nínú wwwroot, mo yọ "Everyone," mo fún IUSR ní "Modify" lórí fóldà tuntun náà nìkan.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọmọbìnrin kan ní SS2 hàn mí: nínú ìwé olùkọ́, 38 ló gbà nínú ìṣirò, nínú kọ̀ǹpútà, 58. Ta ló yí i? Nígbà .mdb, fáìlì .mdw kan ló ń sọ ẹni tí kálukú jẹ́, .mdb fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ohun tí kálukú lè fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n .accdb kò mọ irú ààbò yẹn. Bí a bá ti yí fáìlì padà, Access á ṣí i kúrò. Ojú ewé ASP ńkọ́? Ó ń fi bọ́tìnì àtúnṣe pamọ́ fún ẹni tí kì í ṣe olùkọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì ojú ewé àtúnṣe lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, yóò sì ṣí. Ẹni tí a ṣí géètì fún kò tíì gbàṣẹ láti wọ inú àká, ẹnu ọ̀nà àká gan-an ló sì yẹ ká ti bi í léèrè.

Mo fi ìbéèrè sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ojú ewé tó ń kọ nǹkan: ta ni, kí sì ni ipò rẹ̀? Mo tún ṣe tábìlì kan tó ń kọ orúkọ, àkókò, máàkì àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀. Ìwé olùkọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọmọ náà. Ti 58 yẹn, títí di òní, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́.