Ìdérí Ìgò tí Ó Di Agbábọ́ọ̀lù

Ìdérí ìgò tí a ṣí dànù kò jẹ́ nǹkan kan lójú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ní Ẹlẹ́yẹlé, nígbà èwe wa, ohun iyebíye ni. Iwájú ìsọ̀ àwọn tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a ti ń ṣà á jọ, a sì ń fi gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì. Káńtà ni a ń pe eré náà.

Kì í ṣe gbogbo ìdérí ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bí ìṣígò bá ti tẹ àárín rẹ̀, kò ní lè jókòó pẹrẹsẹ mọ́; bí a bá ta á, yíyí ni yóò máa yí bí òkòtó, kò ní lọ síbi tí a rán an. Nítorí náà ni a fi máa ń bẹ ìyá ọlọ́jà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ rọra ṣí i.” A ó yọ rọ́bà inú rẹ̀, a ó kán àbẹ́là yíyọ́ sí i kí ó lè wúwo, a ó sì lẹ bébà róbótó tí a kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sí mọ́ ọn.

Mẹ́wàá ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí pápá. Páálí ìṣáná tí a rọ yanrìn sí ni aṣọ́lé, bọ́tìnnì ẹ̀wù sì ni bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó kàn yóò fi èékánná ta ẹyọ kan lu bọ́tìnnì, yóò sì dúró de ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá borí a mú ẹyọ kan nínú ti ẹni tí ó fìdí rẹmi. Ibẹ̀ ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, Rashidi Yekini, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí fún Shooting Stars ìlú Ìbàdàn, gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé wọ àwọ̀n Bulgaria. Láti ọjọ́ náà, ìdérí tí ó dán jùlọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ni ó ń jẹ́ Yekini, nọ́ńbà 9. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lo tèmi kí wọ́n tó jẹ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Irú àṣà yìí wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ Topps tẹ káàdì àwọn tí ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí a ń fi igi lù. 52 ní ẹ̀yìn pupa, 52 sì ní ẹ̀yìn búlúù. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú eré wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan, tí ènìyàn méjì fi lè máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n wà lórí pápá. Àwọn olùkójọ ṣì ń wá wọn kiri. Kò sí ẹni tí yóò ra tiwa, nítorí ọwọ́ ọmọdé ni ó kọ ọ́. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ó fi yẹ ní fífi pamọ́, nítorí kò sí méjì tí ó bára dọ́gba.

Méje ni ó kù nínú agolo mílíìkì mi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, nígbà tí Yekini kú, mo ṣí i wò. Eyín wọn ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n orúkọ ṣì hàn lára mẹ́ta.