Afinimọ̀nà Kọ́ Lọjà

Ní Òpópónà Balógun, ọmọkùnrin kan yóò dá yín dúró: "Kí lẹ fẹ́ rà, Àǹtí? Bàtà wà o!" Bàtà kan ṣoṣo kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e, yóò mú yín gba kọ̀rọ̀, gun àtẹ̀gùn, títí dé ṣọ́ọ̀bù tí ọjà wà gan-an. Irú ọmọ afinimọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni symbolic link lórí Linux: fáìlì kékeré tó jẹ́ pé àdírẹ́sì ibòmíràn nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ya fọ́tò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní kí n bá òun da fọ́tò Ẹ̀yọ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2017 kọ, ti àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó. Dísíìkì àkọ́kọ́ ti kún, ló bá kó fọ́tò sórí èkejì, ó sì fi ln -s fi afinimọ̀nà sínú fódà iṣẹ́. Mo tẹ cp -a láti kó fódà náà sórí dísíìkì tèmi. Kí n tó mu omi tán, ó ti parí. Inú mi dùn, òpè ni mí nígbà náà. Mo délé, mo so dísíìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo ní kí n ṣí fọ́tò: No such file or directory.

"Àbúrò, ọmọ tó ń pe oníbàárà lo gbé lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ọjà ṣì wà lọ́dọ̀ mi."

Ká ní mo wo ls -l ni, ǹ bá ti rí i. Ìwọ̀n afinimọ̀nà náà kò ju báìtì 20 lọ, iye lẹ́tà àti àmì tó wà nínú àdírẹ́sì tó ń tọ́ka sí, /mnt/disiki2/Eyo2017, gẹ́lẹ́.

cp -a kò ṣe àṣìṣe. Òun, rsync -a àti tar, afinimọ̀nà ni wọ́n máa ń gbé bó ṣe wà, ohun tó yẹ sì nìyẹn bí ẹ bá fẹ́ dá odindi kọ̀ǹpútà padà sí ipò rẹ̀. (rsync -r lásán tilẹ̀ máa ń fò ó kọjá ni.) Ẹni tó bá fẹ́ ọjà gan-an yóò fi -L kún cp tàbí rsync, -h kún tar. Fíláàṣì tí wọ́n ṣe ní FAT tàbí exFAT kò tilẹ̀ gba afinimọ̀nà rárá. Ṣùgbọ́n -L lè jẹ àyè: bí afinimọ̀nà mẹ́ta bá ń tọ́ka sí fọ́tò Ẹ̀yọ̀ Adímú kan ṣoṣo, ó lè dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nísinsìnyí, mo máa ń tẹ find . -xtype l nínú ẹ̀dà, kó ka àwọn tó ṣìnà fún mi. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi ni mo ti ń ṣe é o, torí lórí ti ẹ̀gbọ́n, dísíìkì kejì ṣì wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ríbi tọ́ka sí.