Ṣé O Mọ̀? Ímeèlì Ọlọ́ṣọ̀ọ́ àti Aláìlọ́ṣọ̀ọ́ fún Oníṣòwò Ìsàlẹ̀ Èkó

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé, láìsí àwòrán kankan, ni ìpolówó ọjà fi kọ́kọ́ wọ inú ímeèlì? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, tó ń bá iléeṣẹ́ DEC ta kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbínú ni ọ̀pọ̀ fi fèsì.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1992 ni ìlànà MIME jáde, èyí tó jẹ́ kí àwòrán àti lẹ́tà oríṣiríṣi èdè lè bá ímeèlì rìn? HTML, tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ̀lé e wọlé, ó sì kó àwọ̀ àti bọ́tìnnì dání.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń ta léèsì ní Balógun àti ẹni tó ń ta àdìrẹ. WhatsApp ni wọ́n fi ń polówó jù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó wà ní Peckham tàbí Houston, tó fẹ́ rí iye owó aṣọ ẹbí ní kíkọ kó tó sanwó, lè ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì òun.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí o yan ọ̀kan ṣoṣo nínú ímeèlì ọlọ́ṣọ̀ọ́ àti aláìlọ́ṣọ̀ọ́? Ímeèlì kan lè gbé ẹ̀dà méjì pọ̀: ti HTML àti ti ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé tí wọ́n ń pè ní plain text. Fóònù ẹni tó gbà á ló máa mú èyí tó lè ṣí.

Ṣé o mọ ohun tó ń ba ìpolówó jẹ́ jù? Fláyà ni. Àwòrán gbàgàdà kan, tí iye owó, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Dòsùnmú wà nínú rẹ̀, tí kò sí gbólóhùn kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, tàbí tí oníbàárà ti pa àwòrán kí dátà rẹ̀ má baà tán, òfìfo ló máa rí. Bó bá ń wá orúkọ aṣọ náà nínú ímeèlì rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ó lè má rí i mọ́. Afọ́jú tí fóònù ń bá ka lẹ́tà lè má gbọ́ nǹkan kan, àfi tí o bá kọ àlàyé mọ́ àwòrán náà. Èmi ò rí ìdí tí a fi máa pe ènìyàn wá rajà, ká tún fi iye owó pamọ́ fún un. Àwòrán tí a so mọ́ ímeèlì tún máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo sí i, torí wọ́n ní láti sọ ọ́ di lẹ́tà kó tó lè rìn.

Gmail ńkọ́? Bí HTML bá ju kílóbáìtì 102 lọ, ó máa gé e. Ìsàlẹ̀ ló ń gé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń kọ nọ́ńbà fóònù sí. Outlook àtijọ́ ti orí Windows, láti ọdún 2007, ẹ̀rọ Word ló fi ń to HTML; ìdí nìyẹn tí ohun tó gún régé lórí fóònù rẹ fi lè wọ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan ní Marina.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ṣé o mọ̀ pé plain text lè gbé àmì ohùn Yorùbá láìsí wàhálà? Àwọn kan ń bọ́ àmì kúrò torí wọ́n rò pé kò lè gbé e. UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ló ń gbé e, nínú HTML àti plain text bákan náà. Bí ẹ̀rọ tó fi í ránṣẹ́ kò bá sọ pé UTF-8 ni, “Ẹ” lè di “áº¸”, ₦45,000 a di â‚¦45,000, oníbàárà á sì rò pé jìbìtì ni. Inú SMS ni ìṣòro wà: ojú ìwé kan gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí “ẹ” kan tàbí ₦ kan bá wọ inú rẹ̀, kò gbà ju 70 lọ mọ́, owó a sì lé sí i. Ímeèlì kò ní irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kọ Yorùbá rẹ bó ṣe yẹ. HTML ló tilẹ̀ léwu jù níbí, torí ẹni tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lè yan fọ́ǹtì tí kò mọ “ẹ̀”, àmì ohùn á wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé HTML lè fi ibi tí líǹkì ń lọ pamọ́? “Tẹ ibí” lè gbé ènìyàn lọ síbi tí kò rò. Nínú plain text, àdírẹ́sì náà wà ní gbangba. Ọgbọ́n fífi líǹkì pamọ́ yìí ni oníjìbìtì fi ń mú oníbàárà báńkì, Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Yahoo, ìyẹn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ba orúkọ ímeèlì tó ń ti Èkó wá jẹ́, oníṣòwò olóòótọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé iye ènìyàn tí wọ́n ní ó “ṣí” ímeèlì rẹ kò ṣeé gbára lé mọ́? Àwòrán bíńtín tí ojú kò rí ló ń kà á. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, Apple Mail lè ṣí àwòrán yẹn fúnra rẹ̀, bóyá ẹni náà ka lẹ́tà tàbí kò kà á. Èsì àti owó tó wọlé ni kí o máa kà.

Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìpolówó. Bó bá ní ó tó, yọ orúkọ rẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tó ti mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, plain text tó fún un. Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ni kí o fi HTML ṣe, pẹ̀lú àwòrán méjì tàbí mẹ́ta, kí iye owó wà ní kíkọ. Kí o tó fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, fi ránṣẹ́ sí ara rẹ ná, pa àwòrán, kí o sì ṣí i lórí fóònù tí kò wọ́n. Bí o kò bá rí iye owó àti àdírẹ́sì rẹ níbẹ̀, jọ̀wọ́, má tíì fi ránṣẹ́.