Láàrin ‘Lẹ́yìn’ àti ‘Nítorí’: Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́, Owó-orí àti Ẹ̀rí Nínú Àròkọ Alárìíyànjiyàn

Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn orí ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ nínú àròkọ alárìíyànjiyàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni èyí tí ó dá lórí ètò ìjọba: bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe ìlú láǹfààní tàbí kò ṣe é, bóyá ó yẹ kí mẹ̀kúnnù máa san owó-orí tàbí kò yẹ. Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni a ń yan irú orí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, àwa náà ni a sì ń fún un ní máàkì. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú ẹ̀rí tí ó yẹ kí a máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti yẹ ìwé ìdánwò wò fún ọdún mélòó kan mọ bí irú àròkọ yìí ṣe máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kí alága, yóò kí àwọn adájọ́, yóò kí olùṣọ́ àkókò. Lẹ́yìn èyí, yóò ní láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé ni ojú ìlú ti là. Yóò pa òwe méjì, ó parí. Ẹni tí ó ń ta kò ó yóò ní láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé ni àwọn ọmọ ti pa oko tì. Ìhun kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. ‘Láti ìgbà tí’ ń tọ́ka sí àsìkò. Kò tọ́ka sí ìdí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ‘nítorí pé’ sí ibi tí ‘lẹ́yìn tí’ yẹ kí ó wà nínú ẹ̀kọ́ gírámà, kíá ni a ó fa igi lé e. Nínú àròkọ, ẹ̀wẹ̀, a máa ń gbójú fò ó.

Ọdún 1955

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mẹ́nu bà jù. Ní oṣù Keje 1952 ni Stephen Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn náà. Ní 1954, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955, ó di nǹkan bí 811,000.

Ǹjẹ́ ẹ̀rí tó èyí? Fún ìbéèrè kan, ó tó. Iye ọmọ náà fi ohun tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i láàrin ọdún kan ṣoṣo. Obìnrin kì í lóyún lónìí kí ó bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́la, nítorí náà kì í ṣe ọmọ bíbí ni ó fa irú ìfò bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún náà tí ó lè gbé ọmọ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Níhìn-ín, ‘lẹ́yìn’ àti ‘nítorí’ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ọmọ tí ó mọ̀wé. Àìtó olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí Ìgbìmọ̀ Banjo, tí ìjọba ẹkùn náà gbé kalẹ̀ láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò, tọ́ka sí nínú ìròyìn rẹ̀ ní 1961. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi 811,000 sọ pé ọmọ púpọ̀ sí i lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ti mú ẹ̀rí wá. Èyí tí ó bá fi iye kan náà sọ pé ọmọ púpọ̀ sí i gbọ́n, kò tíì mú nǹkan kan wá.

Oko méjì

Ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà ṣe fún ìgbésí ayé ẹni tí ó kà á. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún ni a ní láti dúró, ojú ayé kì í sì í dúró sójú kan. Ọ̀nà yóò là, iná yóò dé, owó yóò yí padà. Báwo ni a ṣe fẹ́ yọ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kúrò nínú gbogbo èyí?

Ká ní Àjàyí kórè 40 àpò àgbàdo lésìí, ó wá fi ajílẹ̀ sí oko rẹ̀ lọ́dún yìí, ó kórè 60. Yóò ní ajílẹ̀ fún òun ní 20 àpò. Ṣùgbọ́n Òjó tí oko tirẹ̀ bá ti Àjàyí pààlà kò fi ajílẹ̀ kankan sí i, 40 àpò tirẹ̀ sì di 55, nítorí pé òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí. Ohun tí a lè kà sí iṣẹ́ ajílẹ̀ kò ju àpò 5 lọ. Òjò ni ó ni àpò 15 yòókù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: bí a kò bá gbọ́ ti Òjó, ẹjọ́ ajílẹ̀ kò ṣeé dá. Ìyẹn náà kò sì tán síbẹ̀. Bí oko Òjó bá wà létí odò tí ti Àjàyí sì wà lórí àpáta, a kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n wéra láìkọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń so ní àwọn ọdún tí ó ti kọjá.

Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ àti ètò ọrọ̀ ajé ń gbà dán ètò ìjọba wò. Ní 2001, Esther Duflo tẹ ìwádìí kan jáde nípa orílẹ̀-èdè Indonesia, níbi tí ìjọba ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó lé ní 61,000 láàrin 1973 sí 1978. Ó fi àwọn ọmọ agbègbè tí a kọ́ ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí wé àwọn ti agbègbè tí a kọ́ díẹ̀ sí. Ó tún fi àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá ètò náà mu wé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí ó ti dàgbà kọjá rẹ̀.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti Una Osili àti Bridget Terry Long, tí a tẹ̀ jáde ní 2008. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ilé ẹ̀kọ́ máa ń jẹ́ kí obìnrin dín ọmọ bíbí kù nígbà èwe. Kò tó láti fi obìnrin tí ó kàwé wé èyí tí kò kàwé. Ó lè jẹ́ pé ilé ọlọ́rọ̀ ni èyí tí ó kàwé ti wá. Ó lè jẹ́ pé bàbá tí ó rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá tí kò ní tètè fi í fọ́kọ. Nítorí náà, wọ́n wá oko Òjó. Ní oṣù Kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ètò yìí yí padà kò tó nǹkan, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ láti 1955. Ní apá ibi tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ìyípadà náà tóbi. Wọ́n wá mú àwọn obìnrin tí a bí láàrin 1970 sí 1975, tí ètò náà bá ní ọjọ́ orí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a bí láàrin 1956 sí 1961, tí ó ti kọjá wọn lórí, ní apá méjèèjì. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọdún tí obìnrin fi kàwé bá fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, iye ọmọ tí yóò bí kí ó tó pé ọdún 25 yóò dín ní 0.26. Lédè mìíràn, láàrin obìnrin mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ọdún kan kàwé sí i, nǹkan bí ọmọ kan ni yóò dín.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ Yorùbá ni oko Òjó nínú ìwádìí yìí. Ìgbà tí ètò 1955 ti ṣáájú ni ó jẹ́ kí ètò 1976 ṣeé wọ̀n. Ẹ tún ṣàkíyèsí ohun tí ìwádìí náà kò sọ: kò sọ pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ 1976 dára, kò sì sọ iye ọmọ tí obìnrin náà yóò bí títí dé ọjọ́ ogbó. Mo fẹ́ràn ìwádìí tí ó mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ mọ.

Ta ni ó san án?

Ohun tí a ń pè ní ọ̀fẹ́ ní ẹni tí ó san owó rẹ̀. Kí ètò 1955 tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn ènìyàn lórí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó bínú sí i. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ alátakò, NCNC, ni ó mókè ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ní owó-orí yìí wà lára ohun tí ó fà á, èyí sì ṣeé gbà gbọ́; ṣùgbọ́n ‘lẹ́yìn’ náà ni, ẹ jẹ́ kí a mú un bẹ́ẹ̀.

Owó mìíràn wà tí kò ní ìwé owó-orí. Bọ́ọ̀dù ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ó bá fi lélẹ̀, tí ó sì ń tà á ní ọjà àgbáyé. Nígbà tí ọjà bá wọ́n lókè òkun, èyí tí ó bá lé a máa dúró sọ́wọ́ bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a pín bọ́ọ̀dù náà sí ẹkùn-ẹkùn ní 1954, owó yìí bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn, wọ́n sì ná púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí ìdàgbàsókè. Gerald Helleiner ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1964, ó sì fi hàn pé owó-orí gidi ni, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka kìkì orúkọ tí ó wà nínú ìwé owó-orí yóò sọ pé akọ̀wé ọ́fíìsì ni ó ń gbé ìjọba ró. Àgbẹ̀ olókòó wà nínú igbó, ó ń san tirẹ̀ láìgba rìsíìtì.

Èyí ni ó jẹ́ kí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 yé ni dáadáa. Iye kan náà ni wọ́n ń bù lé àwọn àgbẹ̀, owó omi àti àwọn owó mìíràn sì tún wà lórí rẹ̀, nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Ká ní £6 ni àpapọ̀ rẹ̀: lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rí £60 lọ́dún, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni, lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rí £300, ìdá kan nínú àádọ́ta ni. Iye kan náà, ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ará ìlú, nígbà tí ó sì yá, ní 1969, owó-orí náà wálẹ̀ sí £2. Ẹ̀rí tí a gbà lẹ́nu ni wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sá sí oko tàbí tí kò ní owó ọkọ̀, a kò gbọ́ tirẹ̀.

Nínú kíláàsì

Èrò tiwa ni pé nínú máàkì tí a fi sílẹ̀ fún kókó ọ̀rọ̀, kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ìfiwéra wá, bí kò tilẹ̀ ní iye kan pàtó lórí. ‘Ní abúlé wa ilé ẹ̀kọ́ wà, ní abúlé kejì kò sí, àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ti ń lọ sí ìlú’ ju òwe mẹ́ta lọ. A kò ní kí wọ́n má pa òwe mọ́. Òwe ń la ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí ohun tí kò ṣojú rẹ̀.

Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025, tí a sì dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026, dára fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Òfin náà kò gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún; owó-orí orí ọjà sì dúró ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí a má ṣe bi akẹ́kọ̀ọ́ pé òfin náà dára àbí kò dára. Kí a ní kí ó kọ ohun tí yóò fẹ́ mọ̀ nípa ìyá alátà kan àti olùkọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀ kí òfin náà tó dé àti ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tí yóò fi wọ́n wé.