WỌ́N SANWÓ SÍLẸ̀ TÁN, WỌ́N TÚN DI ẸLẸ́BẸ̀! Ohun tí ojú àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ń rí nídìí họ́kì orí yìnyín

Ní ọjàkọ́jà nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó rajà àwìn ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ọlọ́jà má baà rí i. Ẹni tó kówó sílẹ̀ kó tó gbé ọjà, ọ̀gá ni. Òun ni wọ́n ń fún lága, òun ni wọ́n ń bu ènì fún, òun ni wọ́n ń bi pé, "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n òwò kan ń bẹ ní ilẹ̀ Kánádà àti Amẹ́ríkà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nídìí òwò yìí, ẹni tó sanwó ṣáájú gbogbo èèyàn ni ìyà ń jẹ jù. Bó bá bínú tó ní òun ò rà mọ́, àwọn mìíràn lè ti tò sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n máa retí àga rẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, owó ń jáde, ayọ̀ ò wọlé. Òwò náà ni tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún tí wọ́n fi ń wo eré họ́kì tí wọ́n ń ṣe lórí yìnyín.

IRÚ ERÉ WO LÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n máa da omi sí, wọ́n á fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di yìnyín gbagidi. Àwọn eléré á wọ bàtà tó ní irin mímú bí ọ̀bẹ nídìí, wọ́n á sì máa fi sáré lórí yìnyín náà, fìrìfìrì bí àṣá. Ẹni mẹ́fà níhìn-ín, ẹni mẹ́fà lọ́hùn-ún, gólíkípà wà nínú wọn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá o. Róbà dúdú pẹlẹbẹ kan ni, igi tó tẹ̀ nídìí ni wọ́n sì fi ń gbá a. Ìṣẹ́jú ogún-ogún lọ́nà mẹ́ta ni eré náà. Nígbà mìíràn àwọn eléré a máa ju igi sílẹ̀, wọ́n a máa ki ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, èrò ìwòran a sì máa pàtẹ́wọ́!

NHL ni wọ́n ń pe líìgì tó ga jù nínú eré yìí. Ọdún 1917 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú rẹ̀, 7 ní Kánádà, 25 ní Amẹ́ríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eré 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń pari sáà kan, láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin: 41 nílé, 41 lẹ́yìn odi. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ 16 tó mókè máa wá figagbága títí ọ̀kan á fi gba Ife Stanley. Lord Stanley, tó jẹ́ gómìnà àgbà Kánádà nígbà náà, ló fi ife yìí tọrẹ ní ọdún 1892.

Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ti ra àga kan fún gbogbo eré ilé pátá. Àga yẹn di tirẹ̀, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ jókòó sí i. Àwọn kan ń san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ń dá a díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni ń dá àjọ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé owó ti ń wọ àpò olówó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ náà á gbá eré gidi tàbí wọ́n á kàn máa ṣubú kiri lórí yìnyín.

WÀHÁLÀ TI ỌJỌ́ GBOGBO

Ẹ̀dùn àkọ́kọ́ ni eré ìdánrawò. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá eré bíi mélòó kan láti fi dán ara wò. Ìràwọ̀ eléré tí gbogbo èèyàn fẹ́ rí lè má yọjú síbẹ̀ rárá, àwọn ọmọdé tó ń wáṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń tì síwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń di àwọn eré yìí mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún, wọ́n á sì gbowó rẹ̀. Ó dà bíi kí ìyá aláta sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra tàtàṣé gidi gbọ́dọ̀ ra èyí tó ti rà mọ́ ọn.

Ẹ̀dùn kejì ni ti alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Tuesday, yìnyín ń bọ́ lóde, òtútù ń gbo eegun, òṣìṣẹ́ sì máa jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò lè lọ, ó ní kí òun ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn. Ta ni yóò rà á? Ẹgbẹ́ tí kò mọ eré gbá ló ń bọ̀! Iye tí wọ́n máa fẹ́ fún un lè má tó ìdajì ohun tó san. Kò tán síbẹ̀. Bí àga bá ṣì ṣófo, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lè gbé tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó jáde ní wàràwàrà. Ẹni tó sanwó láti oṣù mélòó sẹ́yìn á wá jókòó ti ẹni tó rà á ní pọ́ọ́kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ta ni inú rẹ̀ á dùn sí irú èyí?

Bó bá wá di alẹ́ Saturday tí ẹgbẹ́ ọ̀tá àtijọ́ ń bọ̀, tí gbogbo ìlú ń wá tíkẹ́ẹ̀tì kiri, tí oní-tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ní kí òun ta ti ọjọ́ yẹn láti fi dí ihò tó wà lápò òun, àwọn ẹgbẹ́ kan á fajú ro. Bó bá tà jù lójú wọn, wọ́n lè ní àwọn ò ní tà fún un mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó pàdánù, òun nìkan ló pàdánù. Nígbà tó fẹ́ jèrè, wọ́n ní olójúkòkòrò ni.

Ẹ̀dùn kẹta ni ti ìdíje àṣekágbá. Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún kì í sábà kó ìyẹn mọ́ra. Owó ọ̀tọ̀ ni, bí ìdíje sì ti ń lọ sókè lowó náà ń gòkè. Bí ẹgbẹ́ bá tètè já, tí owó sì ṣẹ́ kù, wọ́n á ní kó jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tọdún yìí ṣe ń di àsansílẹ̀ fún ti ẹ̀míràn.

ỌDÚN TÍ KÒ SÍ ERÉ RÁRÁ

Gbogbo èyí tí ẹ ti kà yìí, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn olówó ẹgbẹ́ àti àwọn eléré jọ wọ̀yá ìjà nítorí owó. Lẹ́ẹ̀mẹta ni àwọn olówó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré láàárín ogún ọdún. Ní sáà 1994 sí 1995, eré 48 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí gbá. Ní sáà 2012 sí 2013, eré 48 náà ni.

Èyí tó burú jù ni ti 2004 sí 2005. Àwọn olówó ní dandan, àfi kí gbèdéke wà lórí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ná lórí àwọn eléré. Àwọn eléré ní àwọn ò gbà. Oṣù ń gorí oṣù, gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ fee. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kejì 2005, Gary Bettman, ọ̀gá àgbà líìgì, kéde pé sáà náà ti parẹ́. Eré 1,230 ló bá a lọ. Ife Stanley kò rí ẹni gbà á. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́ láti 1919, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gágá dá àṣekágbá dúró. Títí dòní, wọ́n kọ ọ́ sára ife náà pé wọn ò gbá eré sáà yẹn.

Erin méjì jà, ta ló bi koríko? Àwọn olówó gba gbèdéke tí wọ́n ń fẹ́, àwọn eléré padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ ń bọ́ àwọn méjèèjì kò ní àga kankan níbi ìpàdé wọn.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2020 ni àrùn kòrónà tún dá eré dúró. Nígbà tí wọ́n padà lóṣù kẹjọ, inú gbọ̀ngàn tó ṣófo ní Toronto àti Edmonton ni wọ́n ti gbá a. Ará Toronto tó ni àga nínú gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀, orí tẹlifíṣọ̀n ló ti wò ó bí àlejò.

WỌ́N KÓ ẸGBẸ́ LỌ BÍ ẸRÙ

Ní ìlú Quebec, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nordiques. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn èèyàn wọn ò sì fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó di 1995, ẹgbẹ́ náà gbérí, wọ́n ṣe ipò kìíní ní apá ìlà-oòrùn líìgì. Ló bá di pé wọ́n tà á! Ìlú ò tóbi, owó Kánádà ti rẹlẹ̀, dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń sanwó eléré. Wọ́n kó ẹgbẹ́ lọ sí Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Colorado Avalanche. Ní 1996, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n gba Ife Stanley!

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́, tó bomi rin ín, tó lé adìyẹ kúrò nídìí rẹ̀, ojú rẹ̀ ni aládùúgbò ṣe já a tó fi sebẹ̀. Quebec kọ́ gbọ̀ngàn tuntun ní 2015. Títí di 2025, NHL kò dá ẹgbẹ́ kankan padà fún wọn.

AWAKỌ̀ YÌNYÍN FI TORONTO ṢẸ̀SÍN

Ẹgbẹ́ Maple Leafs ti Toronto ní owó rẹpẹtẹ, àwọn èèyàn wọn sì pọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n 1967 ni wọ́n gba ife gbẹ̀yìn, nígbà tí ẹgbẹ́ mẹ́fà péré wà nínú líìgì. Láti ìgbà náà títí di 2025, wọn ò tilẹ̀ dé àṣekágbá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ní ọmọ-ọmọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2014, Nashville nà wọ́n nílé ní góòlù 9 sí 2. Inú bí èrò ìwòran. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí i, wọ́n na Tampa Bay ní 5 sí 2, àwọn eléré sì kọ̀, wọn ò gbé igi sókè kí àwọn èèyàn wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹni tó sanwó tó sì bínú, òun náà ni wọ́n tún ń bá yan odì!

Ti ọjọ́ 22 oṣù kejì 2020 ló wá kó gbogbo rẹ̀. Carolina ló wá bá wọn ṣeré. Gólíkípà Carolina méjèèjì fara pa. Òfin líìgì nígbà náà ní kí gólíkípà pàjáwìrì kan máa wà nítòsí. Ta ni wọ́n rí? David Ayres, ọmọ ọdún 42, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ tó ń tẹ́ yìnyín fún ẹgbẹ́ kékeré tí Toronto ní! Kíndìnrín tí ìyá rẹ̀ fún un ló wà lára rẹ̀ láti 2004. Róbà méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sí i wọlé. Toronto ń yọ̀. Kò mọ̀ pé ó parí nìyẹn. Ayres mú mẹ́jọ tó kù, Carolina sì na Toronto ní 6 sí 3. Òṣìṣẹ́ ilé wọn ló nà wọ́n nínú ilé wọn, níṣojú àwọn tó sanwó fún ọdún kan gbáko.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN Ò LỌ?

Èèyàn lè béèrè pé ṣé wọ́n so wọ́n mọ́ àga ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àga ẹlòmíràn, baba ló fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó jókòó tì í lápá òsì ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, wọ́n jọ mọ orúkọ ọmọ ara wọn, wọ́n jọ sunkún, wọ́n jọ búra pé àwọn ò ní wá mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ń bà wọ́n: bí àwọn bá fi í sílẹ̀ lónìí tí ẹgbẹ́ sì gba ife lọ́la ńkọ́? Àwọn olówó mọ ẹ̀rù yìí dáadáa. Òun ni wọ́n ń tà.

ỌJỌ́ TÍ ÀGA ṢÓFO

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn olówó ń gbọ́. Ní Chicago, Bill Wirtz tó ni Blackhawks kò gbà kí wọ́n máa fi eré ilé hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìlú náà. Ó ní àbùkù ló máa jẹ́ fún àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún. Ìfẹ́ ọ̀hún wá korò: ẹgbẹ́ ń fìdí rẹmi, èrò ń tú ká, àga ń ṣófo. Nígbà tó kú ní 2007, tí wọ́n ní kí èrò dákẹ́ díẹ̀ nítorí rẹ̀, ariwo ẹ̀gàn ni àwọn kan pa. Yorùbá kì í bú òkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé góńgó. Ọmọ rẹ̀, Rocky, gbé eré sórí tẹlifíṣọ̀n, ó tún ilé ṣe, èrò padà. Wọ́n gba ife ní 2010, 2013 àti 2015.

Winnipeg náà rèé. Ní 1996, wọ́n kó ẹgbẹ́ wọn lọ sí Phoenix. Nígbà tí òmíràn dé láti Atlanta ní 2011, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún 13,000 tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di sáà 2023 sí 2024, ó ti wálẹ̀ sí bíi 9,500. Ìgbà yẹn ni Mark Chipman, ọ̀gá ẹgbẹ́, bọ́ síta láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kò lè máa lọ títí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó lọ kiri. Àwọn tí ariwo wọn kò dé etí ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n jókòó, àga wọn tó ṣófo ló bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Ọjà Ọba àti Dùgbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ gba àsansílẹ̀ aṣọ Iléyá, tí oníbàárà ń wá ní àárọ̀ Iléyá tí ẹ ní abẹ́rẹ́ ló kán. Kò jìnnà sí ẹ̀yin káfíńtà tí owó ibùsùn ìyàwó ti wọ àpò yín, tí igi rẹ̀ ṣì wà nínú igbó. Ẹni tó san àsansílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Òun ló kọ́kọ́ fọkàn tán èèyàn. Bó bá ń pariwo, ẹ tètè dá a lóhùn, nítorí ọjọ́ tó bá dákẹ́, ó ti ń lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin oníbàárà náà ńkọ́? Ṣé kéèyàn máa farada á nítorí ìfẹ́, àbí kó dìde kúrò lórí àga? Ẹ kọ̀wé o.