Ààbò Ikọ̀ àti Ààbò Ìjọba Lọ́wọ́ Ẹjọ́: Ta Ni Ó Ni Ín, Níbo Ni Ó Sì Parí Sí?

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú bébà yìí ni ààbò tí òfin àgbáyé fi bo ikọ̀ orílẹ̀-èdè, ìjọba òkèèrè àti àjọ àgbáyé, tí kóòtù kò fi lè dá ẹjọ́ wọn. Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́nà Ọ̀yọ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni olú ilé-iṣẹ́ International Institute of Tropical Agriculture wà, àjọ àgbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1967, lórí ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 1,000. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń gba òṣìṣẹ́, ó ń ra ọjà, ó sì ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin àjọ àgbáyé kan àti àgbẹ̀ tàbí lébìrà abúlé tí ó múlé tì í, ǹjẹ́ kóòtù lè gbọ́ ọ? Èrò tiwa ni pé ipò ẹni tí a pè lẹ́jọ́ nìkan kò tó láti fi dáhùn. A ní láti wo iṣẹ́ tí ó ń jẹ́, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rán an.

2.0 Ààbò Ikọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Nígbà ogun Kírìjí, Samuel Johnson àti Charles Phillips gbé iṣẹ́ àlàáfíà 1886 láti Èkó lọ sí ibùdó àwọn ajagun, wọ́n sì padà láàyè. Bí a bá ń pa ikọ̀, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà wá?

Ìdí kan náà ni ó wà lẹ́yìn Àdéhùn Vienna ti 1961. Abala 29 kọ̀ kí a mú aṣojú orílẹ̀-èdè. Abala 31 gbà á lọ́wọ́ ẹjọ́. Abala 32 sì sọ pé orílẹ̀-èdè tí ó rán an ni ó lè yọ̀ǹda ààbò náà. Ẹni tí ó ránni ni ó ni ààbò, kì í ṣe ẹni tí a rán. Ààbò yìí ní ààlà pẹ̀lú. Bí aṣojú kan bá ra ilẹ̀ fún ara rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, tí mọ̀lẹ́bí kan sì bá a du ilẹ̀ náà, abala 31 yọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ara ẹni kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Ọ̀ràn Umaru Dikko fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1984, wọ́n jí i gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dì í sínú àpótí láti gbé e wá sílé láti pápákọ̀ òfuurufú Stansted. Àwọn aṣọ́bodè tú àpótí náà, nítorí pé kò ní àmì àti ìwé tí òfin ní kí ẹrù ikọ̀ ní. Ọ̀kan nínú àwọn tí a mú ní aṣojú ni òun. Kóòtù kò gbà, nítorí pé a kò fi orúkọ rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ikọ̀. Ẹni tí a kò rán kò lè fi orúkọ ẹni tí kò rán an gbèjà ara rẹ̀.

3.0 Ìjọba Tí Ó Ń Ṣòwò

Láyé àtijọ́, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé a kò lè pe ìjọba òkèèrè lẹ́jọ́ rárá. Sìmẹ́ńtì Nàìjíríà wà lára ohun tí ó yí èyí padà. Ìjọba wa ti ra sìmẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, èyí tí ó ju agbára èbúté Èkó lọ fíìfíì. Ní 1975, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tò kalẹ̀ lójú òkun, owó ìdádúró wọn sì ń gorí ara wọn. Ilé-iṣẹ́ Trendtex fẹ́ ta 240,000 tọ́ọ̀nù láti fi kọ́ bárékè ológun; Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì kọ ìwé pé òun dúró fún owó náà. Nígbà tí báńkì kò san án, Trendtex pè é lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Báńkì ní apá kan ìjọba ni òun.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, 1977, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ibẹ̀ kọ àwíjàre náà. Wọ́n ní báńkì kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Lord Denning fi kún un pé ìṣòwò ni ìṣòwò ń jẹ́, ohun yòówù tí a fẹ́ fi ọjà ṣe. Bí Baálẹ̀ bá ra iṣu láwìn lọ́jà Mọ́níyà láti fi ṣe àlejò ìlú, àwìn ni ó rà, kì í ṣe òfin ni ó ṣe. Ní 1978, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ìlànà náà di òfin.

4.0 Àjọ Àgbáyé

Ó yẹ kí á ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé ìlànà ìṣòwò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ti àjọ àgbáyé. Àjọ kò ní ilẹ̀ tirẹ̀ bí orílẹ̀-èdè. Àdéhùn tí ó bá ìjọba ṣe, àti àṣẹ tí ìjọba pa lábẹ́ òfin ààbò ikọ̀ ti 1962, ni ó gbójú lé. Ní 1986, nínú ẹjọ́ African Reinsurance Corporation, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa sọ pé ààbò àjọ náà múlẹ̀, àti pé bí àjọ bá fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere. Nípa báyìí, lébìrà ní Akínyẹlé lè wà nípò tí ó le ju ti Trendtex lọ.

Ṣùgbọ́n ààbò ń ti ilẹ̀kùn kóòtù ni. Kò pa gbèsè rẹ́. Ìdí nìyí tí abala 29 Àdéhùn 1946 lórí ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi pàṣẹ pé kí àjọ náà pèsè ọ̀nà mìíràn láti parí ìjà lórí ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ àti ọjà.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí kóòtù ìbílẹ̀ àti ti májísíréètì máa béèrè kí wọ́n tó lé olùpẹ̀jọ́ dànù: ta ni a pè lẹ́jọ́, kí sì ni ìwé tí ó fún un ní ààbò? Ṣé iṣẹ́ tí a rán an ni ẹjọ́ náà dá lé, àbí òwò tàbí ọ̀ràn ara rẹ̀? Ṣé ẹni tí ó ni ààbò ti yọ̀ǹda rẹ̀? Ní ti aráàlú, kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé ni kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò parí ìjà bí ó bá dé. Gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn lè ṣe fún wọn ohun tí kóòtù kò ní lè ṣe lẹ́yìn náà.