Wíwo Bí Ọkàn Ọmọ Inú Oyún Ti Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin agbẹ̀bí, ọkàn ni ẹ̀yà ara tó kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ọmọ inú oyún. Bí a bá kà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ìyá rí kẹ́yìn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni ọkàn ọmọ ti ń lù.

Fèrè tí agbẹ̀bí ń gbé lé ikùn wúlò gidigidi láti fi ka lílù ọkàn, ṣùgbọ́n kò lè fi bí ọkàn náà ti rí hàn wá. Síkáànù ló ń ṣe èyí. Ní 1958 ni Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, gbé irú àwòrán ọmọ inú bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ náà ń rán ìró tí etí wa kò lè gbọ́ sínú ikùn. Ìró náà a ta padà bíi gbohùngbohùn, ẹ̀rọ a sì sọ ọ́ di àwòrán. Kì í ṣe X-ray, kì í sì í dunni.

Nígbà tí oyún bá wà láàrin ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, ohun tí a ń wò nìwọ̀nyí:

1. Ṣé yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọkàn pé, tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sì wà ní ipò wọn?
2. Ṣé ọkàn ń lù ní ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan?
3. Ṣé ọkàn kò tóbi jù? Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè àyà ló yẹ kó gbà.
4. Ṣé omi kò gbárajọ yí ọkàn ká tàbí sínú ikùn ọmọ? Irú omi bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì pé agbára ọkàn ti ń dín kù.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ọmọ kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí nínú ikùn. Ibi ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún un. Nítorí náà, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní àbùkù lè máa ṣeré nínú ikùn, kí ìṣòro tó dé lẹ́yìn tí a bá ti bí i. Bí a bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a ó ṣètò kí ìyá bímọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí dókítà ọmọdé ti wà ní sẹpẹ́. Bí ọkàn bá ń sáré jù, oògùn mìíràn wà tí dókítà lè fún ìyá, tí yóò dé ara ọmọ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ tètè darí aboyún tó ti ní àtọ̀gbẹ kó tó lóyún sí ilé ìwòsàn, àti ẹni tí òun, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ kan ní àbùkù ọkàn láti inú wá. Bí lílù ọkàn kò bá tó 110, tàbí tó ń ju 160 lọ láìdẹ̀, ẹ má ṣe dúró.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe síkáànù nítorí akọ tàbí abo nìkan. Síkáànù kò sì lè rí gbogbo nǹkan tán. Bí ọmọ kò bá ṣeré mọ́ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ mu àgbo, ẹ má sì dúró di ọjọ́ kejì.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.